Orúkọ Tó Ń Jẹ Bátìrì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dìde ná. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ òun. Orúkọ rẹ̀ rèé: Olóyè Àgbà, Dókítà, Ẹnjiníà Láyíwọlá Akínkúnlé, Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Ọmọ Káàárọ̀-Oò-Jíire ní ìlú Enugu. Ó yá, ẹ lè jókòó báyìí. Dókítà yẹn, ilé ìwé kan ló fi dá a lọ́lá, ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ti Ẹnjiníà, ó tún fáànù kan ṣe nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, fáànù náà sì yí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ìjọba ọ̀hún ní ọ́fíìsì kan ní GRA. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé kó kọ "Mo ti rí i" sára fáìlì, kó fọwọ́ sí i, kó sì tì í sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Àwọn kan ń tajà ní Ogbete, àwọn kan jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ àwọn tó wá ṣe akọ̀wé rélùwéè láyé àwọn òyìnbó, tí wọn kò sì padà sílé mọ́. Gbọ̀ngán wa wà ní Obiagu. Tí Olóyè bá dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán yìí, kò ní wọlé. Á dúró síta, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń yẹ òjò wò, títí Akọ̀wé Ṣéhù á fi ka gbogbo oyè rẹ̀ tán létí gbogbo wa. Aránṣọ ni Ṣéhù, ahọ́n rẹ̀ sì dùn ju ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún un rí mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ kan tí ikọ́ ń ṣe Ṣéhù, tó ń ka oyè díẹ̀, tó ń húkọ́ díẹ̀, ìdajì wákàtí ni Olóyè fi dúró nínú òjò. Kò wọlé. Oyè kò tíì pé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olóyè ti wọlé ìbò. Ìwé òfin ẹgbẹ́, èyí tí òun fúnra rẹ̀ tún kọ, sọ pé ẹni tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kẹta ti di Ààrẹ títí ayé nìyẹn, kò tún sí ìbò mọ́. Ìbò ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló kù. Olóyè ti lọ wọn àga tí wọ́n máa fi igi ìrókò kàn fún un, ó sì ti ní kí wọ́n fi tìmùtìmù pupa sí i.

Ibẹ̀ la wà tí ẹgbẹ́ fi ra ẹ̀rọ wáífáì sí gbọ̀ngán, kí àwa tí a bá wá ṣe ìpàdé lè máa rí ojú àwọn ará ilé ní Ọ̀fà, ní Ṣakí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Qonitah ló bá wa gbé e kọ́. Obìnrin yìí ti ń tún fóònù ṣe ní Ogbete láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀rọ yìí nílò orúkọ. Orúkọ náà ni gbogbo fóònù á máa rí tí wọ́n bá dé tòsí."

"Orúkọ wo ló tún kù láyé lẹ́yìn tèmi?" Olóyè dá a lóhùn. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti Olóyè Àgbà."

Qonitah ní létà méjìlélọ́gbọ̀n péré ni ẹ̀rọ náà ń gbà. Olóyè wo ẹ̀rọ náà bí ẹni wo ọmọ tí kò kí àgbà. Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ nílé. Lẹ́yìn náà ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án láti jíròrò oyè tó yẹ kí a yọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ṣe ìpàdé kan lórí Dókítà nìkan, ẹnì kan sì sunkún níbẹ̀. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sí BABA WA LAYIWOLA AKINKUNLE. Olóyè kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà nítorí àwọn oyè tó ṣubú.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú gbọ̀ngán wa láti já èrò sílẹ̀, ó wo fóònù rẹ̀, ó sì rí wáífáì. Ọmọkùnrin náà gbé ohùn sókè, ó ní, "Who be Baba Wa Layiwola Akinkunle? Abeg, wetin be the password?"

Olóyè wà lójú fèrèsé. Ó gbọ́ ọ. Orúkọ ara rẹ̀, láìsí Olóyè níwájú, láìsí Àgbà lẹ́yìn, lẹ́nu ọmọ tó wọ sálúbàtà. Ó di orí mú, ó jókòó. Ṣéhù ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀.

"Ó pe orúkọ mọ́ mi lórí," Olóyè ń wí. "Ọmọ tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì pe orúkọ mọ́ mi lórí. Ẹ pe Qonitah wá. Orúkọ àgbàlagbà kò gbọdọ̀ wà níta kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa fọwọ́ kàn án. Kó fi í pamọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí ni kó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé tí wọ́n ti bí yín náà, ẹ ò pe bàbá yín lórúkọ. Èrò rẹ̀ tọ́ sí èèyàn. Ẹ̀rọ ni kò tọ́ sí.

Qonitah dé, ó gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, ó sì mirí.

"Mo lè fi í pamọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n bátìrì gbogbo yín ló máa jìyà ẹ̀. Tí orúkọ bá hàn, ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun rèé, fóònù á kàn tẹ́tí ni. Tí a bá fi í pamọ́, ẹ̀rọ á dákẹ́, fóònù ló máa wá máa pè é. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní pátákó, ṣebí oníbàárà ló máa kan ilẹ̀kùn kiri? Fóònù yín ò sì mọ̀ pé Obiagu nìkan ni ẹ̀rọ yìí wà. Tí ẹ bá dé Ogbete, á máa pè é. Nínú kẹ̀kẹ́, á máa pè é. Ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa béèrè pé, ṣé ó wà níbí? Bátìrì ló sì fi ń béèrè."

Olóyè gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. "Kí ló ń pè?"

"Orúkọ tí a fún ẹ̀rọ náà, Bàbá."

"Orúkọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní Ogbete?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ní GRA ńkọ́? Níwájú ọ́fíìsì tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí wọn ò fún mi ju aago ògiri kan lọ?"

"Níbi gbogbo tí ọmọ ẹgbẹ́ bá gbé fóònù dé. Ṣùgbọ́n kò sí etí tó máa gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ lónìí," ni Olóyè wí, ojú rẹ̀ sì ti dán. "Ayé á gbọ́ ọ lọ́la. Fi í pamọ́."

Ẹ wò ó. Ọkùnrin tí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan pè lórúkọ lẹ́ẹ̀kan tó fi di orí mú, òun náà ló wá ń yọ̀ pé fóònù mẹ́rìnléláàádọ́rin á máa pe orúkọ òun ní gbangba káàkiri ìlú láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí Qonitah tó lọ, ó fún gbogbo wa ní ìmọ̀ràn. Ó ní tí a bá ti kúrò ní gbọ̀ngán, ká máa pa wáífáì orí fóònù wa. Ó ní ká tún wọ inú ètò fóònù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ka ibi tí èèyàn wà, nítorí fóònù mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a tilẹ̀ pa wáífáì, á ṣì máa yọ́ wá a kiri láìjẹ́ pé a rán an. Ká pa ìyẹn náà. Bátìrì wa á sì tọ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Olóyè, ó sì pe ìpàdé pàjáwìrì. Wákàtí kan àbọ̀ ló fi sọ̀rọ̀. Mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ jẹ yín níyà, ibi tó dùn jù ni mo fẹ́ mú.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "àwọn aṣíwájú mìíràn ń wá ẹni tó máa yìn wọ́n. Èmi, ẹ̀rọ ń yìn mí láìgbowó, láìjẹun, láìsùn. Ẹnì kan wá ń sọ fún yín pé kí ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Láti òní lọ, fóònù tó bá dákẹ́ orúkọ mi, ẹni tó ni ín ló dákẹ́ orúkọ mi. Mo ti wí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, Ṣéhù ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìpàdé, ó ń yẹ fóònù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pa wáífáì, àwọn bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì ló máa jókòó sí, kò sì gbọdọ̀ lanu. Ẹni àkọ́kọ́ tó lọ síbẹ̀ ni Tíṣà Jacob, olùkọ́ ìṣirò kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Àwọn òbí ọmọ máa ń pè mí," ó sọ fún Ṣéhù. "Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi."

Kò dúró kí wọ́n lé òun, ó rìn lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Gbogbo wa mọ̀ wọ́n: mọ́kànlá péré. Nígbà tí Jacob wá sọ pé òun máa bá Olóyè du ipò, ẹ̀rín ni gbogbo ilé ń rín. Ta ló máa dìbò fún bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn?

Ní Enugu, iná ń wá, iná ń lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bátìrì tó ti ń tó wa dé alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé àwọn èèyàn mi bínú? Wọ́n sọ ọ́ di ohun ìyangàn.

"Tèmi kú ní aago mọ́kànlá," ẹnì kan á wí.

"Àánú ẹ ń ṣe mí. Tèmi ò rí aago mẹ́wàá."

Ṣéhù búra pé tòun kú bí òun ṣe ń yọ ọ́ lára iná, kí òun tó ní "Bísímílà". Wọ́n dìde fún un.

Ẹni tó gba ipò kìíní nínú ìyangàn yìí ni Sàbúrátù, tí a ń pè ní Ìyá Afeezat, tó ń ta abọ́ ike ní Ogbete. Ó fẹ́ràn Olóyè dénúdénú. Òun ló máa ń kúnlẹ̀ gbé omi fún un, tó sì máa ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ní Ọjọ́rú kan, fóònù rẹ̀ kú ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ó gbé e sókè fi han àwọn ará ìsọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní wákàtí yẹn gan-an, Afeezat ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìrọbí. Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tiẹ̀ mu. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ bá a mu, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe ìyá náà títí. Ìgbà tí ọkọ Afeezat fi máa gun kẹ̀kẹ́ dé Ogbete, tó fi máa sáré láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ kó tó rí i, ọ̀sán ti pọ́n. Nígbà tí Sàbúrátù dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan tí wọn kò mọ̀ rí ti fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti bí ọmọ. Afeezat wà láàyè, ètè rẹ̀ funfun.

"Màámi," ó ní, "mo pè yín títí ó fi rẹ̀ mí."

Sàbúrátù kó ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó ń fi ọwọ́ pa á, omi ń dà lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Qonitah ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bá mi pa nǹkan tó ń pe Bàbá yẹn."

"Ṣéhù máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà, Màmá."

"Màá tan wáífáì lójú Ṣéhù. Tí mo bá ti kọjá rẹ̀, màá pa á."

Kò sọ fún ẹnì kan. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ gbé omi, ó ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ tún wálẹ̀ sí i.

Nígbà tí ìbò kù ọ̀sẹ̀ méjì, Olóyè gbé òfin ìbò jáde. Orí fóònù la máa dìbò, lójú ìwé kan tí Qonitah máa darí, kí oníkálùkù fi dátà tirẹ̀ wọ̀ ọ́, nítorí nínàwọ́ sókè ti di ti àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Fóònù kan, ìbò kan, kò sì sí ẹni tó lè fi fóònù ẹlòmíràn dìbò. Ìbò á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òun bá parí ọ̀rọ̀ òun, á sì tì fúnra rẹ̀ ní aago méjì géérégé. Ó mọ̀ pé fóònù àwọn Jacob ti gbó, kí wọ́n má baà wá ṣàwáwí, ó fi ìlà kan parí rẹ̀: ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kú. Ó ní kí Ṣéhù kọ ìlà yìí gàdàgbà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngán. Ṣéhù fi tàdáwà búlúù kọ ọ́.

Ọjọ́ ìbò bọ́ sí Sátidé. Láti Ọjọ́bọ̀ ni kò ti sí iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbò, oníkálùkù sanwó fún àwọn oníjẹnẹrétọ̀ àdúgbò kí fóònù rẹ̀ lè gba iná díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà ní gbọ̀ngán, ṣùgbọ́n Olóyè ti pàṣẹ pé gbohùngbohùn rẹ̀ àti fáànù tó kọjú sí i nìkan ló gbọdọ̀ máa gbé. Ẹ̀rọ wáífáì fúnra rẹ̀ ti kú sórí ògiri. Ẹ wá ro fóònù wọ̀nyẹn wò: ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè kò sí láyé, wọ́n kò sì mọ̀. Wọ́n ń pè é lọ.

Olóyè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Aago mọ́kànlá kọjá, ó ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aago méjìlá lù, ó ń tún fáànù ọjọ́ kìíní ṣe, ó sì ń ṣàlàyé síkúrù kọ̀ọ̀kan. Láàárín èrò, àwọn fóònù ń kígbe ìkẹyìn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ojú wọn sì ń ṣókùnkùn. Olóyè gbọ́ ìró náà, ó rò pé wọ́n ń ya òun ní fọ́tò. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú nígbà tó sọ pé, "Ní kúkúrú, ẹ dìbò yín."

Àwọn èèyàn ń tẹ fóònù, kò dáhùn. Wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń nù ún mọ́ aṣọ. Láti ẹ̀yìn, lórí àwọn bẹ́ǹṣì tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, a gbọ́ ìró ìka lójú fóònù mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà, Jacob àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi fóònù sápò, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Olóyè fa tirẹ̀ yọ láti inú agbádá. Fóònù ńlá, aláwọ̀ góòlù. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Nínú gbogbo wa, kò sí fóònù tó pe orúkọ yẹn tó ti ẹni tó ni orúkọ.

"Ẹ so wọ́n mọ́ jẹnẹrétọ̀," Olóyè pàṣẹ.

Ogún èèyàn rọ́ lu sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Fáànù dúró. Gbohùngbohùn kú. Ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago méjì lù.

"Ẹ jẹ́ ká nàwọ́ sókè," Ṣéhù ń bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká nàwọ́ sókè bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe."

Qonitah, tó ń darí ìbò, na ìka sí ògiri, síbi tí ìlà búlúù Ṣéhù wà.

Ìgbà náà ni Olóyè rí i pé ojú fóònù kan ń tàn ní ìlà iwájú. Fóònù Sàbúrátù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìbò kan sàn ju òfo lọ, ó kéré tán ìtìjú á fúyẹ́.

"Ìyá Afeezat," ó ní, láìsí gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ kéré ju bí a ti rò lọ. "Èèyàn mi tòótọ́. Tẹ̀ ẹ́."

Sàbúrátù kúnlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́.

Aago méjì lù. Qonitah kà á jáde: Jacob, méjìlá. Olóyè Láyíwọlá Akínkúnlé, òdo. Gbogbo ilé mọ̀ pé mọ́kànlá ni àwọn ará ẹ̀yìn. Gbogbo orí yí sí ìlà iwájú.

"Ìwọ?" Olóyè bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Sàbúrátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Lọ́jọ́ tí ọmọ mi ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń pè mí, ẹ̀yin ni fóònù mi ń pè."

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Olóyè ń wo ògiri. Ṣéhù ti wà lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ tún ẹ̀wù Jacob ṣe, ó ń béèrè àwọn oyè tí òun máa kà fún un. Jacob ní òun kò ní oyè kankan. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Orúkọ tí wọ́n fún wáífáì wa báyìí ni GBONGAN, ó sì hàn sí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n Qonitah ní ìyẹn nìkan kò tó, fóònù tó bá ṣì rántí orúkọ àtijọ́ kò ní yé pè é. Kí oníkálùkù wá, kí òun bá a tẹ ibi tí fóònù á ti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ogbete.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan dé tó fa fìlà bojú. Ó gbé fóònù aláwọ̀ góòlù kalẹ̀.

"Kì í tọ́jọ́ mọ́," ó ní.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìṣẹ́jú kan ni. Mo máa jẹ́ kó gbàgbé orúkọ yẹn."

Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èèyàn mélòó ló ti ṣe é?"

"Gbogbo wọn, Bàbá. Ó ku tiyín."

"Ṣéhù náà?"

"Ṣéhù ló kọ́kọ́ dé."

Olóyè na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀ padà lọ́wọ́ Qonitah, ó rọra fi í sínú agbádá. Ó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí GRA. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, fóònù náà ti pe orúkọ rẹ̀ títí, bátìrì rẹ̀ sì ti kú.